Kí ọbẹ̀ tó hó, ìlà méjì ti wọlé: bí tíríkó ṣe ń rí àyè láàárín iṣẹ́ ilé ní Sakin

Sakin, Ṣábẹ̀ẹ́ — Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Sakin, kò sí ìyá tó ń jókòó lásán. Ẹni tó ń pọn omi ń pọn omi, ẹni tó ń gbálẹ̀ ń gbálẹ̀, ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ ti jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́. Àwọn ọmọ ń wá aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wọn, bàbá wọn ń béèrè ibi tí àdá wà. Bí a bá ní láàárín gbogbo èyí, ẹnì kan á tún mú abẹ́rẹ́ méjì àti òwú, á máa hun fìlà ọmọ ọwọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kò lè ṣeé ṣe. Ó ń ṣeé ṣe. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé inú irú ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí.

Màmá mi ń din gààrí, wọ́n ń ṣe wàrà sójà, wọ́n sì ń hun aṣọ tí gbogbo wa ń pè ní tíríkó. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, èmi ni ìkejì. Láti kékeré ni mo ti mọ àpò aláwọ̀ ewé kan tó máa ń kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa. Inú rẹ̀ ni òwú àti abẹ́rẹ́ ìhun máa ń wà. Bí màmá bá ń jáde, wọ́n á na ọwọ́ mú àpò náà gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ṣe ń mú gèlè. Ibi tí wọ́n bá ti dúró de nǹkan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hun.

Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àdánù kan ló kọ́ wọn.

Iṣẹ́ tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́

Mo ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Oníṣòwò kan láti inú ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ wá sí ilé wa. Ọmọbìnrin rẹ̀ lóyún, ó sì fẹ́ kí màmá mi hun odindi aṣọ ìkómọjáde fún ọmọ tó ń bọ̀: fìlà, ẹ̀wù àti ìbọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ funfun. Wọ́n jọ ṣe àdéhùn iye tó máa san. Màmá mi kò gba àsansílẹ̀, ojú ń tì wọ́n láti béèrè. Owó tí wọ́n ti ń kó jọ fún ilé ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n fi ra òwú.

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ọmọ náà tó dé. Màmá mi ní kò sí wàhálà, pé bí ọwọ́ àwọn bá dilẹ̀, àwọn á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ọwọ́ kò dilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìkórè kajú bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé kó lọ sí oko láti máa ṣa á. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà mú àbúrò mi, màmá lo ọjọ́ mẹ́ta nílé ìwòsàn pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa jókòó ti òwú náà, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré. Wọ́n ń hun lóru lábẹ́ iná fìtílà. Oorun ń kùn wọ́n, ojú ìhun ń já bọ́ lórí abẹ́rẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún tú ohun tí wọ́n hun lóru.

Ọmọ náà kò dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Ó fi ọjọ́ mẹ́wàá yá ju bí a ṣe rò lọ. Lọ́jọ́ ìkómọjáde, fìlà àti ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló ti parí. Oníṣòwò náà ti lọ ra aṣọ mìíràn lọ́jà. Kò bínú púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sanwó, kò sì padà wá mọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ wa wà nínú òwú funfun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní sáà yẹn kí wọ́n tó rí owó mìíràn san.

Láti ọjọ́ náà ni màmá mi ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nílé: "Ọwọ́ kì í dilẹ̀. Ẹni tó ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ máa dilẹ̀, ikú ló ń dúró dè."

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀

Ní ìwọ̀n bí màmá mi ṣe ń ṣe é, fìlà ọmọ ọwọ́ kan máa ń gba wákàtí mẹ́rin. Ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì máa ń gba wákàtí mẹ́rin mìíràn. Ẹ̀wù náà máa ń gba tó wákàtí mẹ́rìnlá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 22. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á bẹ̀rù, nítorí ìyá wo ló ní wákàtí 22 láti fi ṣòfò?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ó lọ́nà mìíràn. Bí ìyá kan bá rí ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, wákàtí kan nìyẹn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì fi ọjọ́ kan sinmi, wákàtí mẹ́fà ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ti rí wákàtí 24. Gbogbo aṣọ ìkómọjáde náà ti parí, wákàtí méjì sì ṣẹ́ kù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni oníṣòwò yẹn fún wa. Kì í ṣe pé àkókò kò tó. Ńṣe ni a ń wá odindi ọjọ́ kan tó ṣófo, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú ilé tó ní ọmọ márùn-ún.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Bí tíríkó náà ṣe rí nìyẹn.

Ìyá àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí tíríkó tó dé, àwọn obìnrin ń hun kíjìpá nínú ilé. Òfì tí wọ́n fi ń hun ún yàtọ̀ sí ti àwọn ọkùnrin. Ọkùnrin máa ń jókòó sídìí òfì tí aṣọ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí òwú rẹ̀ sì nà jìnnà síwájú rẹ̀, bí àwọn ará Ìṣẹ́yìn ṣe ń hun aṣọ òkè títí di òní. Òòró ni òfì obìnrin máa ń dúró, ara ògiri inú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e tì, aṣọ rẹ̀ sì máa ń fẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀ àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn obìnrin fi irú òfì yìí hun aṣọ iyì.

Kí nìdí tí wọ́n fi gbé e sínú ilé? Ìyá tó bá wà nídìí òfì á máa gbọ́ igbe ọmọ, á máa rí ìkòkò lórí iná. Bí àlejò bá dé, á dìde. Bí àlejò bá lọ, á padà síbi tó dé, nítorí pé aṣọ náà wà níbẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tí agbára oko kò sí lára wọn mọ́ ló máa ń ran òwú, wọ́n á máa yí ìrànwú bí wọ́n ṣe ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ. Iṣẹ́ àti ìtọ́jú ilé jọ ń lọ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níbòmíràn. Ní erékùṣù Shetland, ní àríwá Scotland, ibi tí òtútù ti ń mú gan-an, àwọn obìnrin máa ń gbé agbọ̀n tí ohun ìdáná kún inú rẹ̀ sí ẹ̀yìn, wọ́n á máa rìn láti oko bọ̀ wálé, ọwọ́ wọn méjèèjì á sì máa hun ìbọ̀sẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwòrán wọn tí àwọn oníkámẹ́rà yà ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn wà títí di òní. Wọn kò ní àkókò ju tiwa lọ. Ẹ̀yìn wọn ló ru ẹrù, ọwọ́ wọn sì ṣófo, wọ́n wá fún ọwọ́ ní iṣẹ́.

Mo rántí wọn nígbàkúgbà tí mo bá rí màmá mi nídìí ẹ̀rọ ìlọta, tí àgbàdo wọn ń dúró de kí ó kàn wọ́n, tí abẹ́rẹ́ sì ń lọ ń bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Iṣẹ́ tó gba tíríkó àti iṣẹ́ tí kò gbà á

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni a lè pọ̀ mọ́ ìhun. Màmá mi ti pín in sí ọ̀nà méjì.

Àwọn tí kò gbà á ni gààrí díndín, nítorí ọwọ́ méjèèjì ló ń gbà, àti wàrà sójà tó wà lórí iná. Ẹni tó bá gbójú kúrò lára omi sójà tó ń hó, ilẹ̀ ló máa bá a. Inú ọkọ̀ tó ń sáré lójú ọ̀nà tó ní kòtò náà kò dára, abẹ́rẹ́ lè gún ẹni tàbí kó gún ẹni tó jókòó tì wá. A kì í sì í hun tíríkó lórí sẹ́míjàn, kò yẹ kí a máa sọ ìyẹn rárá.

Àwọn tó gbà á pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ìdúró nídìí pọ́ǹpù omi. Ìgbà tí ẹ̀gẹ́ wà nínú àpò tí omi ń ro kúrò lára rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀wà kò tíì rọ̀. Ìdúró nílé ìwòsàn lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Ìpàdé ẹgbẹ́ àjọ, nígbà tí akọ̀wé ń pe orúkọ. Ìdí ọjà, nígbà tí oníbàárà kò tíì dé. Bí màmá mi bá ń lọ sí ọjà Glazoué lọ́jọ́rú, wọ́n máa ń sọ pé ibi tí àwọn ti ń hun jù ni inú ọkọ̀ tó ń dúró de kí èrò kún. Kí awakọ̀ tó yí kọ́kọ́rọ́, ìlà mẹ́rin ti wọlé.

Àwọn òfin kéékèèké tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́

Mo ní kí màmá mi sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹ̀yin òǹkàwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ìyẹn náà ń di ìròyìn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Àkọ́kọ́, iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ fìlà, tó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wù, tó tún ń wo ìborùn, kò ní parí ìkankan. Bí iṣẹ́ ńlá bá wà lọ́wọ́ tí kò ṣeé gbé káàkiri, iṣẹ́ kékeré kan péré ni kí ó tẹ̀ lé e, fún àpò.

Ìkejì, ohun tó kéré ni kí ẹ gbé jáde. Ìbọ̀sẹ̀, fìlà, apá ẹ̀wù. Ẹ̀wù tó ti ń tóbi, kí ó dúró sílé. Màmá mi máa ń hun ẹ̀wù ní ẹyọ ẹyọ, iwájú, ẹ̀yìn, apá méjì, wọ́n á wá rán wọn pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Ìkẹta, ẹ parí ìlà kí ẹ tó dìde. Àárín ìlà ni ojú ìhun ti ń já bọ́. Bí ọmọ bá ń ké lójijì tí ẹ kò lè parí rẹ̀, ẹ ti àwọn ojú ìhun wọ àárín abẹ́rẹ́, kí ẹ fi rọ́bà kékeré di ẹnu abẹ́rẹ́ méjèèjì.

Ìkẹrin, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí láti ka ìlà. Orí ìyá ọlọ́mọ ti kún. Màmá mi kọ́kọ́ ń fi hóró àgbàdo kà á: bí ìlà kan bá parí, wọ́n á mú hóró kan láti inú abọ́ kan sí èkejì. Lọ́jọ́ kan, adìẹ dé, ó ṣa ìlà mẹ́fà jẹ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ta kókó sí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so mọ́ àpò, kókó kan fún ìlà mẹ́wàá. Adìẹ kì í jẹ okùn.

Ìkarùn-ún, ẹ dáàbò bo òwú funfun. Èéfín máa ń wọ inú rẹ̀, oníbàárà á sì gbóòórùn rẹ̀. Inú ọ̀rá ni kí ó wà, kí ọ̀rá wà nínú àpò, kí àpò sì kọ́ sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò ti ní tó o. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó mú un, pàápàá bí ẹ bá ti fọwọ́ kan epo.

Ìkẹfà, ẹ má fi oorun hun. Iṣẹ́ òru tí a ń fi ipá ṣe, ọ̀sán ni a ó fi tú u. Lálẹ́, ohun tó rọrùn ni kí ẹ ṣe, tí kò gba ìkàyè.

Ẹ wo ọdún kí ẹ tó gba iṣẹ́

Ọdún ní ìgbà tirẹ̀ ní àgbègbè wa, gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, kajú ni. Bí òjò bá ti dé, ilẹ̀ ríro, àgbàdo àti ẹ̀pà ni. Iṣu tuntun máa ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ. Láti oṣù kọkànlá, òwú àti ebè iṣu ọdún tó ń bọ̀ ló kàn. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ńlá nígbà tí oko ń pe gbogbo ilé ti fi ara rẹ̀ sínú wàhálà.

Síbẹ̀, ìgbà ọyẹ́ ni tíríkó ń tà jù. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, òwúrọ̀ máa ń tutù gan-an lábẹ́ àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́, gbogbo ìyá ló sì ń wá ohun tí wọ́n máa fi bo ọmọ. Bí a bá dúró kí ọyẹ́ dé ká tó bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ á ti lọ ká tó parí. Nítorí náà, oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò ń dá èèyàn dúró sínú ilé, ni màmá mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí hun fìlà tí wọ́n máa tà ní oṣù kejìlá. Wọ́n á máa kó o sínú àpótí. Fìlà méjì lọ́sẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ títí di ìparí oṣù kọkànlá, ó lé ní 30.

Owó òwú yàtọ̀ sí owó ọwọ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń hun ni kí wọ́n gba owó òwú, kí wọ́n fi díẹ̀ lé e, kí wọ́n sì pe ìyẹn ní èrè. Ká ní òwú fìlà kan jẹ́ 600 fáráǹkì sẹ́fà, tí ẹ sì tà á ní 1,000. Ẹ ó ní ẹ jèrè 400. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin ni ẹ lò. Ọgọ́rùn-ún fáráǹkì ni ẹ gbà fún wákàtí kan. Bí ẹ bá ti mọ iye yìí, ẹ lè pinnu bóyá kí ẹ fi owó lé e, tàbí kí ẹ kọ́ ọ̀nà tí ẹ ó fi yára sí i, tàbí kí ẹ hun ohun mìíràn. Ẹni tí kò ṣírò rẹ̀ ń fi àkókò rẹ̀ tọrẹ láìmọ̀.

Nísinsìnyí, màmá mi kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà bí àsansílẹ̀ kò bá wọlé, ó kéré tán owó òwú. Ojú kì í tì wọ́n mọ́. Wọ́n ní ojú ti àwọn nígbà kan, ilé ẹ̀kọ́ sì lé ọmọ àwọn wálé.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣe mí ní kàyéfì. Orílẹ̀-èdè wa, Bẹ̀nẹ̀, wà lára àwọn tó ń gbin òwú jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní àkókò 2019 sí 2020, òwú tí àwọn àgbẹ̀ wa kórè lé ní 700,000 tọ́ọ̀nù. Òwú wà lóko àwọn ará abúlé wa. Síbẹ̀, òwú ìhun tó wà nínú àpò màmá mi, láti òkè òkun ló ti wá, irú èyí tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé ti ń sọ òwú wa di aṣọ báyìí. Ó dára bí òwú ìhun náà bá lè ti ibẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan, tí yóò sì dé ọjà Ṣábẹ̀ẹ́ ní iye tí apá ìyá abúlé ká. Aṣọ òwú gidi kì í yún ọmọ lára.

Ta ló ní kí obìnrin nìkan máa wá àyè?

Mo kọ èyí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á bi mí léèrè: ṣé kí a tún fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ obìnrin ni? Ìbéèrè náà tọ̀nà. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ILO, sọ ní ọdún 2018 pé nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ilé àti ọmọ tí a kì í sanwó fún, ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ iye tí ọkùnrin ń ṣe ni obìnrin ń ṣe. Bí a bá fẹ́ kí ìyá rí ìṣẹ́jú 15, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé wa, lẹ́yìn àdánù yẹn, bàbá mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí àwa ọmọ máa fọ abọ́ alẹ́, àwọn ọkùnrin pẹ̀lú. Àwọn fúnra wọn gba omi pípọn ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà díẹ̀. Nígbà tí owó fìlà ọyẹ́ ra ajílẹ̀ fún oko àgbàdo wa ní ọdún kejì, ẹ̀lẹ́yà dópin.

Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí ibà mú nígbà náà, ti mọ̀ ọ́n hun báyìí. Àwọn kan ní iṣẹ́ obìnrin ni. Mo sọ fún wọn pé ní erékùṣù Taquile, ní orílẹ̀-èdè Peru, àwọn ọkùnrin ló ń hun fìlà, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Àjọ UNESCO ka iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ sí ogún ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo aráyé ní ọdún 2005. Nílé tiwa náà, ṣé kì í ṣe ọkùnrin ló ń hun aṣọ òkè? Ọwọ́ kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, ohun tí a bá kọ́ ọ ló ń ṣe.

Fìlà kan lè gba ẹ̀mí là

Mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ yìí lórí ohun tó kéré jù nínú gbogbo ohun tí màmá mi ń hun.

Ọmọ tuntun kì í lè mú ara rẹ̀ móoru bí àgbàlagbà, pàápàá ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Orí rẹ̀ tóbi bí a bá fi wé ara rẹ̀ yòókù, ibẹ̀ ni ooru sì ti ń jáde púpọ̀. Ọmọ tí òtútù bá mú lè má lè fa ọmú dáadáa, àìsàn sì lè wọlé sí i lára. Ní ọdún 1978, ní ìlú Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Colombia, dókítà Edgar Rey rí i pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru kò kárí. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ sí àyà ìyá rẹ̀, kí ara kan ara, kí wọ́n fi fìlà bo orí rẹ̀, kí wọ́n sì fi aṣọ gbá a mọ́ra. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ẹranko kangaroo tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa ṣe é fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé àti ọmọ tí kò wúwo tó, láti kété tí wọ́n bá ti bí i. Àjọ náà tún ní kí a má ṣe wẹ ọmọ tuntun kó tó pé wákàtí 24, kí òtútù má baà mú un.

Àyà ìyá kò ní owó. Fìlà náà kò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá fẹ́ hun irú rẹ̀, ẹ lo òwú tó rọ̀, kí ẹ má fi bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ sí i tí ọmọ lè gbé mì, kí ó má fún orí ọmọ jù, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kí ó tó dé orí ọmọ. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, tí ọmọ ń làágùn, ẹ ṣí i kúrò.

Ẹ rántí fìlà funfun tó parí lọ́jọ́ ìkómọjáde tí a pàdánù iṣẹ́ rẹ̀? Ó wà nínú àpótí fún bí oṣù mẹ́jọ. Nígbà ọyẹ́, obìnrin kan ládùúgbò wa bímọ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ọmọ náà kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó ọwọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n ń gbé ìyá àti ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní ìdájí, màmá mi sáré wọlé, wọ́n mú fìlà náà jáde, wọ́n sì fi í bo orí ọmọ lórí àyà ìyá rẹ̀. Èmi kò ní sọ pé fìlà nìkan ló gba ọmọ náà là, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ti wà nílé ẹ̀kọ́ báyìí. Ìyá rẹ̀ kò da fìlà náà nù.

Láti ìgbà náà, bí màmá mi bá ti parí iṣẹ́ oníbàárà, wọ́n máa ń fi òwú tó ṣẹ́ kù hun fìlà kékeré kan, wọ́n á fi í sínú àpótí. Wọn kì í tà á. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ ní òru ni ó wà fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń kọ ìròyìn yìí, mo bá wọn nídìí ààrò. Ẹ̀wà wà lórí iná, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sùn sí ẹ̀yìn wọn, àpò aláwọ̀ ewé wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo kí wọn, mo ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o." Wọ́n ní kí n dúró díẹ̀, àwọn ń ka ojú ìhun. Wọ́n parí ìlà, wọ́n ti abẹ́rẹ́ bọ àárín òwú, wọ́n dìde ro ẹ̀wà. Ó kù díẹ̀ kó rọ̀. Wọ́n padà jókòó, wọ́n mú abẹ́rẹ́.